Ta ló ni orin yìí? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí Frankie Lymon àti The Teenagers

Ẹni tó bá ti gbọ́ ohùn ọmọ yẹn lẹ́ẹ̀kan nínú “Why Do Fools Fall in Love”, ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Mo ti kó èyí tó wọ́pọ̀ jù jọ síbí. Àwọn kan ò gbà ju gbólóhùn díẹ̀ lọ. Àwọn tó bá kan owó àti orúkọ ló gùn.

Àwọn wo gan-an ni The Teenagers?

Ọmọ ilé-ìwé márùn-ún ni wọ́n, ọkùnrin ni gbogbo wọn, láti apá òkè Manhattan ní New York. Frankie Lymon ló ń lé orin. Herman Santiago àti Jimmy Merchant ń kọ tẹ́nọ̀, Joe Negroni ń kọ bárítóònù, Sherman Garnes ló sì ni báàsì. Ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ni Lymon, Merchant àti Garnes; ìran Puerto Rico ni Santiago àti Negroni. Kò sí ọ̀gá kankan tó dìídì ṣà wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìran méjèèjì jọ ń gbé àdúgbò kan náà ni, ilé-ìwé kan náà ni àwọn ọmọ wọn sì ń lọ.

Ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 1942 ni wọ́n bí Lymon. Òun ló kéré jù nínú wọn, òun náà ni orúkọ rẹ̀ wá bo tàwọn tó kù mọ́lẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní doo-wop?

Orin ẹnu ni. Ẹnì kan á lé e, àwọn yòókù á gbè é. Kò sí Yorùbá tí ìyẹn máa ṣàjèjì sí. Ibi tó ti yàtọ̀ ni pé ègbè tiwọn kì í sábà ní ọ̀rọ̀ nínú. Ìró lásán ni, wọ́n sì ń fi dípò ìlù, jìtá àti fèrè tí owó wọn ò ká. Báàsì á máa dún kìkì nísàlẹ̀, àwọn ohùn àárín á máa fà gbọọrọ bíi dùùrù, ẹnì kan tí ohùn rẹ̀ ga á sì máa fò lókè orí gbogbo wọn.

Ibi tí wọ́n ti ń dánra wò náà ní ọwọ́ nínú bí orin ṣe ń dún. Igun òpópónà ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, orí àtẹ̀gùn, ibùdókọ̀ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀, ibikíbi tí ògiri bá ti lè dá ohùn padà fún wọn. Ohùn mẹ́rin á wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, á jáde bí ogún.

Àwọn kan ti la ọ̀nà náà sílẹ̀. Mills Brothers àti Ink Spots ti ń kọrin láti àwọn ọdún 1930. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni Ravens dé ní New York, tí Orioles sì dé ní Baltimore. Orúkọ ẹyẹ ni méjèèjì. Flamingos, Penguins, Crows àti Larks tún tẹ̀ lé wọn, àfi bí ẹni pé inú igbó ni wọ́n ti lọ ń dẹ akọrin wá. Ọ̀rọ̀ náà “doo-wop” gan-an pẹ́ kó tó dé, ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi pe irú orin yìí. Tó o bá pe àwọn ọmọ wọ̀nyí ní akọrin doo-wop ní 1955, wọn ò ní mọ ohun tó ò ń sọ. R&B (rhythm and blues, orin àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà) ni wọ́n ń pe orin wọn, tàbí rock and roll.

Báwo ni wọ́n ṣe pàdé ara wọn?

Ilé-ìwé Edward W. Stitt Junior High School ní Washington Heights ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Garnes àti Merchant ló kọ́kọ́ ń kọrin pọ̀, wọ́n pe ara wọn ní Earth Angels. Wọ́n wá pàdé Santiago àti Negroni, wọ́n di mẹ́rin. Orúkọ ò dúró lórí wọn: Coupe De Villes lónìí, Ermines lọ́la, Premiers lọ́tùn-ún.

Inú ilé olórin ni Lymon ti jáde. Àwọn òbí rẹ̀ ń kọ orin ìhìnrere nínú ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Harlemaires, òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ sì ń kọ nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé wọn. Láti nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá ló ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà oúnjẹ kan kí owó ilé lè tó. Níbi ètò ilé-ìwé kan tí àwọn ọmọ ti ń fi ẹ̀bùn wọn hàn ló ti gbọ́ àwọn mẹ́rin yìí. Ó sún mọ́ Santiago, wọ́n sì gbà á sí i. Ọmọ ọdún 12 ni.

Ta ló mú wọn dé ibi ìgbohùnsílẹ̀?

Richard Barrett ni. Akọrin lòun náà, òun ló ń lé orin fún ẹgbẹ́ Valentines, ó sì tún máa ń bá oníṣòwò orin kan tó ń jẹ́ George Goldner wá àwọn tuntun. Goldner ti kọ́kọ́ fi orin mambo àwọn ará Látìn la owó pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Tico, kó tó yíjú sí orin àwọn ọ̀dọ́. Ó ṣe àwo kan fún àwọn Crows tí wọ́n ń pè ní “Gee”. Orin náà tà débi pé ó fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé-iṣẹ́ tuntun. Gee Records yìí náà ló ṣe àwo àwọn ọmọ wa jáde.

Ẹ fi orúkọ Goldner sọ́kàn. Etí rẹ̀ dára púpọ̀ fún orin, mi ò lè sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n orí ẹṣin ìdíje ni owó rẹ̀ ń bá lọ, gbèsè tó jẹ nídìí tẹ́tẹ́ yìí ló sì máa gbé àwọn ọmọ wọ̀nyí lé ọwọ́ ẹlòmíràn níwájú.

Báwo ni “Why Do Fools Fall in Love” ṣe di orin?

Ìtàn tí àwọn tó kọ ọ́ máa ń sọ ni pé ọkùnrin kan nínú ilé tí wọ́n ti ń dánra wò ló kó àwọn lẹ́tà tí ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ kọ sí i fún wọn. Ó ti sú u kí wọ́n máa kọ orin olórin, ó ní kí wọ́n wo inú ìwọ̀nyí bóyá wọ́n á rí tiwọn níbẹ̀. Ọ̀kan nínú lẹ́tà náà béèrè ìdí tí àwọn ẹyẹ fi ń fi ìdùnnú kọrin. Santiago àti Merchant jókòó ti ọ̀rọ̀ náà títí ó fi di orin.

Santiago ló yẹ kó lé e. Bó ṣe wá bọ́ sí Lymon lẹ́nu, kálukú ló ní bó ṣe ń sọ ọ́: àwọn kan ní ọ̀nà ọ̀fun ló ń dun Santiago lọ́jọ́ náà, àwọn kan ní Goldner ló ní kí ọmọ kékeré náà gbìyànjú ẹ̀ wò. Èyí tó wù kó jẹ́, Lymon yí ohùn orin náà díẹ̀ bá ara rẹ̀ mu, ó sì gbé e lọ sókè ibi tí ọ̀fun àgbàlagbà ò lè dé. Ìparí 1955 ni wọ́n gbà á sílẹ̀. Jimmy Wright ló fun saksofóònù. Nígbà tí àwo náà máa fi jáde ní oṣù Kìíní 1956, wọn kì í ṣe Premiers mọ́, wọ́n ti di The Teenagers.

Ṣé orin náà tóbi tó bí wọ́n ṣe ń sọ?

Ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wà ní ipò kìíní lórí àtẹ R&B Amẹ́ríkà fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó sì dé ipò kẹfà lórí àtẹ gbogbogbòò níbi tí àwọn aláwọ̀ funfun ti ń ra àwo. Nígbà tó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lágbedeméjì ọdún náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi jókòó sí ipò kìíní. Ọmọ ọdún 13 ló ń kọ ọ́, ẹ má gbàgbé.

“I Want You to Be My Girl” tẹ̀ lé e, òun náà tà gan-an. Lẹ́yìn rẹ̀ ni “I Promise to Remember” àti “The ABC’s of Love”. Ní ìparí 1956 kan náà wọ́n hàn nínú fíìmù *Rock, Rock, Rock*, níbi tí Lymon ti dúró nínú aṣọ funfun, tó ń kọrin pé òun kì í ṣe ìpáǹle. Ní 1957 wọ́n ṣeré ní London Palladium.

Ẹ wo ara àwo fúnra rẹ̀ o. Lórí àkọ́kọ́, ohun tí wọ́n kọ ni “The Teenagers featuring Frankie Lymon”. Kò pẹ́ tó fi yí padà di “Frankie Lymon and The Teenagers”. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni wọ́n kàn gbé láti ẹ̀yìn wá síwájú, ó sì ti tó láti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Kí ló tú wọn ká?

Àwọn àgbà ni. Nígbà ìrìn-àjò wọn sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1957, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya Lymon sọ́tọ̀. Wọ́n mú un wọ ibi ìgbohùnsílẹ̀ lọ kọ “Goody Goody”, orin tí Benny Goodman ti sọ di olókìkí ní 1936, àwọn akọrin mìíràn tí wọ́n háyà ló sì gbè é. Bẹ́ẹ̀ orúkọ The Teenagers ni wọ́n tún lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fojú inú wò ó: ẹ gbọ́ orin tuntun tó ń jẹ́ tiyín lórí rédíò, ohùn yín ò sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn kò sí ẹgbẹ́ mọ́. Lymon ń dá kọrin. Àwọn mẹ́rin mú aláwọ̀ funfun kan, Billy Lobrano, láti máa lé orin, ṣùgbọ́n àwo wọn ò tà. Láti oṣù Kìíní 1956 sí àárín 1957, gbogbo rẹ̀ ò ju ọdún kan àbọ̀ lọ.

Ṣé òótọ́ ni pé ijó kan ṣoṣo ló pa ètò tẹlifíṣọ̀n kan?

Òótọ́ ni. Ní oṣù Keje 1957, Alan Freed, olóòtú rédíò tó gbé rock and roll káàkiri Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ètò kan lórí tẹlifíṣọ̀n ABC tó ń jẹ́ *The Big Beat*. Lymon wá síbẹ̀. Bí orin ṣe ń lọ, ó bọ́ sáàárín àwọn òǹwòran, ó sì bá ọmọbìnrin aláwọ̀ funfun kan jó. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní gúúsù Amẹ́ríkà fárígá. Kò pẹ́ tí ABC fi pa ètò náà rẹ́.

Ọmọ ọdún 14 ló jó. Kì í ṣe ọmọbìnrin náà ló fẹjọ́ sùn.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí Lymon?

Ohùn rẹ̀ là. Ohun tí Ọlọ́run dá mọ́ gbogbo ọmọkùnrin ni, àmọ́ òun, oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ni ohùn tó ń lọ náà. Ó ń gbìyànjú láti fi ọ̀fun dá ohùn òkè padà, kò dà bíi tàtijọ́. Ní 1960, “Little Bitty Pretty One” rọra yọjú lórí àtẹ, kò sì lọ jìnnà.

Ó ti kó wọnú heroin kó tó pé ogún ọdún. Òun fúnra rẹ̀ sọ ìtàn náà fún ìwé ìròyìn *Ebony* ní 1967, lẹ́yìn tó ti gba ìtọ́jú, tó sì ti wọṣẹ́ ológun. Ní Georgia tó ti ń ṣiṣẹ́ ológun ló ti fẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé kan ní ọdún náà, ó jọ pé nǹkan fẹ́ máa dára. Ó padà wá sí New York nítorí àtigba orin sílẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì 1968, wọ́n bá òkú rẹ̀ ní ilé ìwẹ̀ nínú ilé ìyá rẹ̀ àgbà ní Harlem, abẹ́rẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún 25.

Wọ́n sin ín sí ibi ìsìnkú Saint Raymond’s ní Bronx. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí òkúta tó ní orúkọ rẹ̀ tó dé orí sàréè náà.

Àwọn tó kù ńkọ́?

Garnes kú ní 1977 nígbà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún un. Ẹ̀jẹ̀ tó ya sínú ọpọlọ ló pa Negroni ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó pé ogójì ọdún nínú àwọn méjèèjì. Santiago àti Merchant nìkan ló kù, wọ́n sì tún ẹgbẹ́ náà dá sílẹ̀ nígbà tó yá. Obìnrin ni wọ́n mú wá lé orin, Pearl McKinnon tó ti wà nínú ẹgbẹ́ Kodaks, torí ohùn rẹ̀ jọ ti Lymon ọmọdé gan-an.

Orúkọ ta ló wà lórí orin náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ ọ́?

Kí n tó dáhùn, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí rédíò bá ta àwo kan sáfẹ́fẹ́, ẹni tó kọ orin náà àti ẹni tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń san owó fún. Ẹni tí ohùn rẹ̀ ń dún lórí rédíò ò gba kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà, ìlà kékeré tó wà nínú àkámọ́ lábẹ́ orúkọ orin lè wúlò fún ọgọ́ta ọdún, kí òkìkí akọrin sì má ju ọdún kan àbọ̀ lọ. Àwọn oníṣòwò mọ èyí. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí wọ́n forúkọ orin náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1956, orúkọ méjì ló wà níbẹ̀: Lymon àti Goldner. Goldner ò kọ ọ̀rọ̀ kan. Àṣà ọjà ni nígbà náà, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ á fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, á pè é ní ẹ̀tọ́.

Nígbà tí gbèsè tẹ́tẹ́ wá mú Goldner, ó ta àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fún Morris Levy, ọ̀kan nínú àwọn tó ni ilé ijó Birdland, tó tún ni Roulette Records. Gbogbo New York ló mọ̀ pé Levy àti àwọn Mafia jọ ń jẹun. Ní 1988 ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi pé ó lọ́wọ́ nínú fífi ipá gba owó lọ́wọ́ ẹni. Ó kú ní 1990 kó tó fẹsẹ̀ kan ọgbà ẹ̀wọ̀n. Nígbà tí ọjà di tirẹ̀, orúkọ Goldner kúrò lórí orin náà, orúkọ Levy sì bọ́ síbẹ̀. Ọkùnrin tí kò sí nítòsí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti kọ orin ló di ẹni tó kọ ọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nínú ilé tí mò ń sọ yìí, àgbà nìkan ló pín Ifẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé Santiago àti Merchant borí nílé ẹjọ́?

Wọ́n borí, wọ́n sì tún pàdánù.

Ní 1981 Diana Ross tún orin náà kọ, ó dé ipò keje ní Amẹ́ríkà. Owó gidi tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, gbogbo ẹni tó bá ní ohun tó so ó pọ̀ mọ́ orin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tó ń lọ. Ní 1987, Santiago àti Merchant pẹjọ́ sí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀. Ní 1992, ìgbìmọ̀ ará ìlú tó gbọ́ ẹjọ́ náà sọ pé àwọn méjèèjì jọ kọ orin náà pẹ̀lú Lymon. Ẹni àádọ́ta ọdún ó lé ni wọ́n nígbà náà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 1993, wọ́n gba ẹgbẹ́ náà wọ Rock and Roll Hall of Fame, ibi tí wọ́n ti ń bọlá fún àwọn olórin. Èèyàn á rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ní 1996, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí i padà. Kì í ṣe pé wọ́n ní àwọn méjèèjì ò kọ orin náà o. Ohun tí wọ́n sọ ni pé òfin fún ẹni tó bá ní orin jẹ́ ti òun ní ọdún mẹ́ta péré láti pẹjọ́, látìgbà tó bá ti mọ̀ pé wọ́n yọ òun sílẹ̀, àti pé àwọn wọ̀nyí ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́ kí 1987 tó dé. Wọ́n ṣàlàyé pé ìbẹ̀rù Levy ló pa àwọn lẹ́nu mọ́. Ìyẹn ò yí ìdájọ́ padà. Orúkọ Lymon àti Levy ló padà sórí orin náà.

Mo ti gbọ́ tí àwọn agbẹjọ́rò ń gbèjà ìdájọ́ yìí, pé bí kò bá sí gbèdéke, kò sí ẹni tó máa fọkàn balẹ̀ ra ẹ̀tọ́ orin. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n nínú ẹjọ́ yìí, ẹni tó ń dẹ́rù ba èèyàn ni ọjọ́ ń gbè.

Ìyàwó mélòó ni Lymon ní?

Àwọn mẹ́ta ló jáde pé opó rẹ̀ ni àwọn. Ọ̀kan ni Zola Taylor, obìnrin tó ń kọrin nínú Platters, tó ní ilẹ̀ Mẹ́síkò ni àwọn ti ṣègbéyàwó ṣùgbọ́n tí kò rí ìwé rẹ̀ mú wá. Èkejì ṣì jẹ́ aya ọkùnrin mìíràn lábẹ́ òfin nígbà tó fẹ́ Lymon. Síbẹ̀ òun ni ilé ẹjọ́ kọ́kọ́ dá láre. Ẹ̀kẹta ni olùkọ́ ilé-ìwé ní Georgia. Ní 1990, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìpínlẹ̀ New York sọ pé olùkọ́ yìí ni aya rẹ̀ lábẹ́ òfin, ogún sì di tirẹ̀. Rògbòdìyàn yìí ni wọ́n fi ṣe fíìmù ní 1998, tí Larenz Tate ṣe bíi Lymon. Fíìmù náà dùn ún wò. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àwọn aya gba gbogbo àyè inú rẹ̀, àwọn tó bá a kọrin sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ibi jókòó.

Ta ló kọ́ orin lọ́dọ̀ wọn?

Ronnie Spector ti Ronettes sọ ọ́ léraléra pé ohùn Lymon ló sọ òun di akọrin. Beach Boys tún orin náà kọ ní 1964. Ẹni tó bá sì gbọ́ Michael Jackson ọmọdé pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò nílò kí n ṣàlàyé ibi tí irú ètò bẹ́ẹ̀ ti wá.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ wọn?

Bẹ̀rẹ̀ níbi tí gbogbo ayé ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kíní, Garnes ni kó o gbọ́: òun ló ṣí orin náà, báàsì nìkan, kó tó di pé ohun èlò kankan dún. Lẹ́ẹ̀kejì, jẹ́ kí Lymon gbé ẹ lọ, o ò lè dá a dúró bó o bá fẹ́ gan-an. Lẹ́ẹ̀kẹta, gbójú fo Lymon, kó o wá ohùn àwọn mẹ́ta tó wà láàárín. Santiago àti Merchant wà níbẹ̀, wọ́n ń gbe orin tí ìwé ò gbà pé àwọn ló kọ.